Orúnkún Tí Ń Kúnlẹ̀: Bí A Ti Ń Dán Oríkèé Ara Wò, àti Ìdí Tí Ilé Ìdánwò Àjùmọ̀lò Fi Yẹ Wá

Bí a bá ní kí a to àwọn ẹ̀yà ara lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá ti gbé iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, orúnkún kò ní sí ní ìsàlẹ̀ ìtò náà. Orí ni ọba gbogbo ara, èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. Ṣùgbọ́n ìpín tí orí ń gbé wá sí ayé pàápàá, lórí ìkúnlẹ̀ ni àwọn baba wa gbà pé a ti yàn án, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní àkúnlẹ̀yàn. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni a fi ń bẹ ọmọ tí ó bá ń ṣe orí kunkun. Ìkúnlẹ̀ ni ìyàwó fi ń kí ìyá ọkọ rẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ ni ọmọkùnrin fi ń kí baba rẹ̀, kò sì sí bí ènìyàn ti lè dọ̀bálẹ̀ kí ó tún dìde láìlo orúnkún méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìkíni sílẹ̀ kí a lọ sí ẹnu iṣẹ́. Ní Ìgàngàn, tí í ṣe ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn gbára lé. Ọkùnrin a bẹ̀rẹ̀ roko láti ìdájí títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Obìnrin a lóṣòó ti agbada gàrí, a jókòó ká ẹsẹ̀ bó ẹ̀gúsí, a sì ru ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí ilé. Ẹni tí ó bá ti gbé àárín wọn yóò ti gbọ́ gbólóhùn yìí títí etí rẹ̀ yóò fi kún: “Orúnkún ń ro mí.” Èsì tí a sì sábà máa ń fún wọn ni pé àgbà ti dé, kí wọ́n fi òróró pa á, kí wọ́n sì rọra máa rìn.

Èsì náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ó yẹ kí a bèèrè bí ẹrù tí orúnkún ń gbé ti pọ̀ tó, ohun tí ń jẹ ẹ́ run, àti irú orúnkún àtọwọ́dá tí ó yẹ ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ ní ojoojúmọ́ ayé rẹ̀. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò ṣeé fi ẹnu lásán dáhùn. Òṣùwọ̀n ni a fi ń dáhùn wọn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ti ń wọn oríkèé ara, láti fi hàn pé òṣùwọ̀n tí a ń lò títí di òní kò ka ìkúnlẹ̀ wa sí, àti láti sọ ìdí tí n kò fi gbà pé iṣẹ́ náà ṣeé dá ṣe fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

I. Ohun tí oríkèé jẹ́

Oríkèé ni ibi tí egungun méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti pàdé. Àwọn kan wà tí kì í yí rárá, bí irú èyí tí ó so àwọn egungun agbárí pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń sọ níhìn-ín ni àwọn tí ń yí: orúnkún, ìgbọ̀nwọ́, èjìká, ìbàdí àti ọrùn ẹsẹ̀. Bí a bá la irú oríkèé bẹ́ẹ̀ wò, a ó rí i pé egungun kò fi ara kan egungun nínú rẹ̀. Ohun funfun kan tí ń dán bí ẹyin tí a sè tí a sì bó ni ó bo orí egungun kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tí ó bá ti jẹ ẹran rí ni ó mọ ohun yìí, nítorí òun ni àwọn ọmọ ilé máa ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní bísíkíìtì. Egungun rírọ̀ ni a ó máa pè é nínú àròkọ yìí.

Ní orúnkún ènìyàn, egungun rírọ̀ kì í sábà nípọn ju bí mìlímítà 2 sí 4 lọ. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn nínú rẹ̀, iṣan ìmọ̀lára kò sì sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Láti inú èyí ni ohun méjì ti wá. Èkíní ni pé ó lè máa bàjẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́ kí olúwa rẹ̀ tó mọ̀, nítorí ohun tí kò ní ìmọ̀lára kì í ké. Èkejì ni pé bí ó bá ti ya, kò ní ẹ̀jẹ̀ tí yóò gbé àtúnṣe wá fún un. Ní ọdún 1743 ni oníṣègùn kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, William Hunter, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé egungun rírọ̀ tí ó bá ti jẹrà kì í padà bọ̀ sípò. Ó ti lé ní 280 ọdún báyìí, àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣì ń bá ọ̀rọ̀ náà jìjàkadì.

Láàárín egungun rírọ̀ méjì ni omi oríkèé wà, tí ń yọ̀ bí funfun ẹyin. Nígbà tí oríkèé bá wà ní àlàáfíà, yíyọ̀ egungun rírọ̀ lórí èkejì rẹ̀ ju yíyọ̀ yìnyín lórí yìnyín lọ. Àwọn ẹnjiníà ti ń ṣe bíárìn fún ẹ̀rọ láti ìgbà pípẹ́. Ó ṣòro fún wọn láti ṣe èyí tí yóò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún 70 ọdún láìsí pé ẹnikẹ́ni tú u palẹ̀ láti fi gírísì sí i.

II. Àpò ẹ̀gẹ́ àti gàrí inú omi

Báwo ni ohun tí kò nípọn ju ojú ìwé mélòó kan lọ ṣe ń gbé gbogbo ara? Ará Ìbàràpá ni ó yẹ kí ó tètè mọ èyí, nítorí bí a ti ń fún ẹ̀gẹ́ ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́ tán, a ó dà á sínú àpò, a ó di ẹnu àpò náà, a ó sì fi jáàkì tẹ̀ ẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: àpò tí kò jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ fọ́n ká, ẹ̀gẹ́ rírin tí ó di omi mú, àti omi náà gan-an. Egungun rírọ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nínú ìwọ̀n 100 rẹ̀, omi nìkan kó bí 65 sí 80. Àwọn okùn tín-ín-rín tí a ń pè ní kọ́lájẹ̀n ni àpò rẹ̀. Wọ́n hun mọ́ ara wọn, wọ́n sì lágbára láti kọ fífà. Èròjà kan sì wà láàárín àwọn okùn wọ̀nyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fa omi mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní afami.

Bí a bá dédé sọ ẹrù lu àpò ẹ̀gẹ́, àpò náà a le bí òkúta, nítorí omi kò tíì rí àyè jáde. Omi náà ni ó gba ẹrù sí ara. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹrù lé e tí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, omi a máa ro jáde díẹ̀díẹ̀, àpò a sì máa rọ̀, títí yóò fi kù sí ẹ̀gẹ́ gbígbẹ láti gbé ẹrù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rírìn àti lílóṣòó fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn. Bí a bá ń rìn, ẹrù a dé, ẹrù a lọ, omi kò sì rí àyè jáde púpọ̀. Àní ìtẹ̀ àti ìtúsílẹ̀ yìí ni ó ń ti oúnjẹ wọ inú egungun rírọ̀ tí kò ní ẹ̀jẹ̀. Bí a bá lóṣòó tàbí tí a kúnlẹ̀ pẹ́ títí, omi a máa fún jáde, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa dìde ní àárín iṣẹ́.

Ní ibì kan ni àpò ẹ̀gẹ́ àti egungun rírọ̀ ti pín yà: omi ẹ̀gẹ́ tí ó bá ti lọ kì í padà, ṣùgbọ́n ti egungun rírọ̀ a máa padà. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kí a di gàrí gbígbẹ sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí a sì gbé e sínú omi. Gàrí a máa wú títí aṣọ yóò fi kọ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni afami ṣe ń wú, tí kọ́lájẹ̀n sì ń dá a dúró, àdéhùn àwọn méjèèjì sì ni ó ń jẹ́ kí egungun rírọ̀ le tó bí ó ti yẹ. Bí aṣọ náà bá ya ńkọ́? Gàrí a wú jù, a sì rọ̀ jù. Ohun tí a máa ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀ làkúrègbé ti orúnkún gan-an nìyí: omi inú egungun rírọ̀ a pọ̀ sí i, líle rẹ̀ a dín kù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ho títí egungun yóò fi máa họ egungun.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé omi ni ó ń gbé ẹrù náà. Ní ọdún 1959 ni C. W. McCutchen ti fi egungun rírọ̀ wé kànìnkànìn tí omi kún inú rẹ̀. Ní ọdún 1980 ni Van C. Mow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ ọ̀rọ̀ náà di ìṣirò pípé, tí wọ́n ya ohun líle àti omi sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Lórí ìṣirò yẹn ni ọ̀pọ̀ ìdánwò òde òní dúró lé.

III. Bí a ti ń dán an wò

Ẹ̀rọ ìdánwò tí a sábà ń lò dúró lórí òpó méjì, ó sì ní igi ìdábùú kan tí ń lọ sókè sódò láàárín wọn. Jáàkì ẹ̀gẹ́ ni ẹ bá pè é, ẹ kò jìnnà sí òtítọ́, àfi pé jáàkì yìí a máa ka bí agbára tí ó ń lò ti pọ̀ tó, a sì máa ka bí ó ti rìn tó, dé ìwọ̀n tí ojú kò lè rí. Ilé iṣẹ́ Instron, tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1946, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé owó ńlá ni a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Carl Hirsch ní Súwídìn ti ń wọn bí egungun rírọ̀ ti ń tẹ̀ ní ọdún 1944, kí Instron tó wà. Irin kékeré tí orí rẹ̀ rí roboto, òṣùwọ̀n tí a gbé lé e, àti aago, ìwọ̀nyí ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin ni a sábà máa ń gbà dán egungun rírọ̀ àti oríkèé wò. Ọ̀nà kìíní ni títẹ ojú rẹ̀ pẹ̀lú irin kékeré, tí a ó sì máa wo bí ó ti ń wọlé sí i láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ọ̀nà kejì ni kí a gé e ní roboto, kí a fi í sínú ife irin tí ó há mọ́ ọn, kí a sì tẹ̀ ẹ́ láti òkè pẹ̀lú ohun tí omi lè gba inú rẹ̀ jáde. Èyí ni yóò sọ bí omi ti ń yára kúrò. Ọ̀nà kẹta ni kí a fi í yọ́ lórí ẹlòmíràn kí a sì wọn bí ó ti ń kọ yíyọ̀ náà. Ní gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, omi iyọ̀ ni a gbọdọ̀ máa rẹ ẹ́ sí, a sì máa ń mú ooru omi náà tó ti ara ènìyàn, èyí tí í ṣe dígírì 37, nítorí egungun rírọ̀ tí ó bá gbẹ kò lè sọ òtítọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kẹrin ni ó gba agbára jù lọ: kí a gbé odidi oríkèé, tàbí èyí tí a fi irin àti ike ṣe, sínú ẹ̀rọ tí ń rìn bí ènìyàn. Ìgbésẹ̀ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ẹ̀rọ náà sábà máa ń gbé. A ti fi ṣe àṣà láti ka mílíọ̀nù kan ìgbésẹ̀ sí ìrìn ọdún kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, mílíọ̀nù kan yóò gba nǹkan bí ọjọ́ 12 láìdúró ní ọ̀sán tàbí ní òru. Mílíọ̀nù márùn-ún, tí í ṣe iye tí a sábà ń béèrè kí a tó gba orúnkún àtọwọ́dá wọlé, yóò sì súnmọ́ oṣù méjì. Ẹ̀yin òǹkàwé mi yóò ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná ti lè kú ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀rọ tí kò ní agbára ìpamọ́ lẹ́yìn kò wúlò ju àga lọ.

Níbo ni a ti ń rí oríkèé tí a ń dán wò? Ní odò ẹran ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Orúnkún àgùntàn àti ti màlúù kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun púpọ̀, ó sì wà ní ìkáwọ́ wa. Lẹ́yìn èyí ni ti ènìyàn, bí irú egungun tí oníṣẹ́ abẹ gé kúrò nígbà tí ó ń fi orúnkún tuntun sí i, tí olóhun sì ti fi ọwọ́ sí ìwé pé kí a lò ó fún ẹ̀kọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí ìwé yìí kí n tó parí.

IV. Ara ta ni a fi wọ̀n ọ́n?

Ní ọdún 1962 ni John Charnley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbàdí irin àti ike sí ara ènìyàn, tí iṣẹ́ náà sì yọrí dáadáa. Láti ìgbà náà ni oríkèé àtọwọ́dá ti di ohun tí àìmọye ènìyàn ń lò ní ayé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo òfin ìdánwò tí ó kárí ayé fún orúnkún àtọwọ́dá, èyí tí a ń pè ní ISO 14243. Ìrìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni ó wà fún. Nínú ìrìn bẹ́ẹ̀, orúnkún inú ẹ̀rọ kì í ká ju nǹkan bí dígírì 58 lọ. Ẹni tí ó bá lóṣòó tàbí tí ó kúnlẹ̀ tí ó jókòó lé gìgísẹ̀, orúnkún rẹ̀ a ká ju dígírì 110 lọ, ó sì lè tó 165. Orúnkún àtọwọ́dá tí ó wọ́pọ̀ kì í sábà fún olúwa rẹ̀ ní ju bí 110 sí 120 lọ.

Ẹ wo òṣùwọ̀n mìíràn. Àwọn olùwádìí ní ilé ìwòsàn Charité ní ìlú Berlin, ní Jámánì, fi orúnkún tí ó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n nínú sí ara àwọn aláìsàn, ní ọdún 2010 ni wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí lára ènìyàn márùn-ún jáde. Bí ènìyàn bá ń rìn, ẹrù tí ń bọ́ sórí orúnkún rẹ̀ jẹ́ bí ìlọ́po 2½ ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó jẹ́ bí ìlọ́po 3½. Ẹni tí ó wọn kílò 60 ń fi orúnkún kan gbé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta bí ó ti ń rìn lọ́wọ́ òfo, ó sì ń gbé ju mẹ́rin lọ bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ yìí, ó sì ye kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko Ìgàngàn kò sí nínú àwọn márùn-ún náà.

N kò sọ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Olúkúlùkù ènìyàn a máa wọn ohun tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí aránṣọ tí ń wọn Òjó láti rán ẹ̀wù fún Àjàyí, tí ẹ̀wù náà kò fi ní há a ní ibì kan. Ibi tí ó ti ń há wa nìyí: ìyá àgbà tí a fi orúnkún tuntun sí lára a máa gbọ́ ìkìlọ̀ pé kí ó ṣọ́ra fún ìkúnlẹ̀ àti ìlóṣòó. Ìrora rẹ̀ ti lọ, ó ń rìn, ó sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè kúnlẹ̀ gbàdúrà fún ọmọ tí a ń gbé ní ìyàwó bí ó ti ṣe fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyàwó kékeré kò sì lè kí àwọn àna rẹ̀ láì kọ́kọ́ ṣàlàyé ara rẹ̀.

Kì í ṣe ti àgbà nìkan. Àìsàn tí a ń pè ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde, tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa, a máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sí orí egungun itan. Egungun náà a kú, a sì wó lulẹ̀ nínú ìbàdí ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 30. Ìbàdí tí a bá fi sí ara irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ pẹ́ ju èyí tí a fi sí ara ẹni ọdún 70 lọ. Ní ọ̀nà kejì, nígbà tí Alan Silman, Adewale Adebajo, M. C. Asuzu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá làkúrègbé oníwíwú tí ń sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ di wíwọ́ láàárín àwọn ará ìgbèríko kan ní Nàìjíríà, wọ́n sọ ní ọdún 1993 pé àwọn kò rí ọ̀kan. Ohun tí ń ba oríkèé jẹ́ níhìn-ín kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ibòmíràn. Kò sì yẹ kí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

V. Ìdí tí ilé náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ àjùmọ̀lò

Ilé ìdánwò àjùmọ̀lò ni ilé tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan kò lè pè ní tirẹ̀ nìkan. Ẹnjiníà, oníṣẹ́ abẹ, oníṣègùn ẹran, onímọ̀ ẹ̀yà ara, àwọn tí ń fi ìdárayá wo aláìsàn, gbogbo wọn ní ọjọ́ nínú ìwé rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n mọ ẹ̀rọ náà dunjú ni ó wà níbẹ̀ títí. Olùlò a wá, a san owó díẹ̀, a ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a sì fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí kì í ṣe àṣà àlejò. Àáró ni baba wa ń pè é. Àgbẹ̀ mẹ́fà a kó ọkọ́ wọn pọ̀, wọn a ro oko Àkàndé ní òní, wọn a ro ti Àjàní ní ọ̀la, ẹni tí kò bá sì wá sí oko ẹlòmíràn kò ní rí ẹni tí yóò wá sí tirẹ̀.

Ìdí mẹ́ta ni mo rí. Èkíní ni owó: ẹ̀rọ náà wọ́n, iná rẹ̀ wọ́n, àtúnṣe rẹ̀ sì wọ́n ju méjèèjì lọ. Èkejì ni pé oríkèé kan ṣoṣo lè kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Orúnkún tí ẹnjiníà ti tẹ̀ ní òwúrọ̀, onímọ̀ ẹ̀yà ara lè gé e wẹ́wẹ́ wò ní ọ̀sán. Bí olúkúlùkù bá dá ilé tirẹ̀ kọ́, orúnkún mẹ́ta ni a ó bà jẹ́ láti mọ ohun tí ọ̀kan ìbá ti sọ.

Ìdí kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Gbogbo ẹni tí ó bá ti ra gàrí rí ni ó mọ̀ pé kóńgò ọjà kan kì í ṣe kóńgò ọjà kejì. Òmíràn a sì wà tí a ti gbá ìdí rẹ̀ wọ inú. Bí ó ti rí nínú ìwádìí nìyẹn. Bí ẹnì kan bá wọn egungun rírọ̀ gbígbẹ, tí ẹnì kejì wọn èyí tí ó tutù, tí ẹnì kẹta kò sì mọ bí èyí tí ó wọ̀n ti nípọn tó, a kò lè fi iye tí wọ́n rí wé ara wọn. Nínú ilé àjùmọ̀lò, ìwọ̀n kan náà ni a fi ń yẹ ẹ̀rọ wò ní àkókò tí a ti dá, ìlànà kan náà ni gbogbo ènìyàn sì ń tẹ̀ lé. Kóńgò kan ṣoṣo ni gbogbo ọjà ń lò.

A ti ní ìpìlẹ̀ tí a lè kọ́lé lé. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwádìí àjùmọ̀lò kan fún onírúurú ẹ̀kọ́, Yunifásítì Ifẹ̀ náà sì ní tirẹ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ilé ìwòsàn egungun tí ó wà ní Ìgbóbì, ní Èkó, ti wà láti ọdún 1945. Ti University College Hospital ní Ìbàdàn ṣílẹ̀kùn ní ọdún 1957. Ìbàràpá pàápàá kì í ṣe àlejò nínú irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera rẹ̀ ní Ìbàràpá, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì ń lọ gbé láàárín àwọn ará ìlú láti kọ́ bí àìsàn ti rí ní ilé tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Oríkèé sì jèrè nínú iṣẹ́ yẹn. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé sòbìà. Bí kòkòrò náà bá yọ ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀, ó lè sọ oríkèé náà di gígan títí ayé. Ní àwọn ọdún 1980 ni àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn bá àwọn ará Ìdèrè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, tí wọ́n jọ ń wá omi tí ó mọ́ àti aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi mímu. Nígbà tí a ka àwọn tí sòbìà mú ní gbogbo Nàìjíríà ní ìparí ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n ju 600,000 lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní ilẹ̀ wa. Ohun tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ kò ju kí a kà á, kí a mọ ibi tí ó ti ń wá, kí a sì bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó gbọ́.

Nítorí náà, kí ẹ̀rọ wà ní Ìbàdàn tí ilé ìwòsàn ńlá wà, kí òṣùwọ̀n sì wá láti Ìgàngàn. Iṣẹ́ ti Ìgàngàn kò sì ní láti dúró de ẹ̀rọ. Igi ìwọ̀n méjì tí a so pọ̀ ní orí, tí a kọ dígírì sí, ni a fi ń mọ bí orúnkún ti ká tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní èyí, tí ó ní òṣùwọ̀n kílò àti ìwé, lè lo ọ̀sẹ̀ kan láti kọ ọ́ sílẹ̀ ìgbà mélòó ni obìnrin kan ń kúnlẹ̀ ní ọjọ́ kan, bí ó ti pẹ́ tó ní ìlóṣòó ní ẹ̀gbẹ́ agbada, àti ìwọ̀n ẹrù orí rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dé, ìyẹn ni a ó kọ́ ọ láti ṣe: kí ó rìn bí ará Ìgàngàn ti ń rìn, kí ó sì kúnlẹ̀ bí ó ti ń kúnlẹ̀.

VI. Ohun tí ó kan onímọ̀ èdè

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ onímọ̀ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ egungun. Ó kàn wá ní ọ̀nà méjì.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn. Yorùbá kì í sọ pé orúnkún ń dùn mí kí ó dúró síbẹ̀. A ní orúnkún ń ro mí, ó ń ta mí, ó ń gún mí, ó ń fà mí. A ní ó gan, ó wú, ó ń ké, ó yẹ̀. Bí ẹ bá fi etí sí i, ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ̀rọ ń wọ̀n ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ. Orúnkún tí ó gan ni èyí tí ó kọ̀ láti ká. Èyí tí ń ké ni èyí tí yíyọ̀ rẹ̀ ti dín kù. Èyí tí ó yẹ̀ ni èyí tí iṣan kò dì mú dáadáa mọ́. Èyí tí ó wú ni èyí tí omi rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ní ọdún 2007 ni àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé ìbéèrè kan jáde tí a ń pè ní IKHOAM, láti fi mọ bí làkúrègbé orúnkún àti ti ìbàdí ti ń di aláìsàn lọ́wọ́ nínú irú ìgbé ayé tiwa. A sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kù púpọ̀. Ta ni yóò lọ sí Ìgàngàn, sí Tápà àti sí Ayétẹ̀, láti mọ ohun tí “ro” àti “ta” túmọ̀ sí ní ẹnu àwọn tí ń lò wọ́n, bí kì í bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́ èdè?

Èkejì ni ìwé tí olóhun ń fi ọwọ́ sí. Ẹ kò ní pẹ́ mọ̀ pé ìbẹ̀rù ńlá wà ní ilẹ̀ yìí lórí ẹ̀yà ara ènìyàn, ìbẹ̀rù náà kò sì ṣe lásán, nítorí àwọn ènìyàn búburú ti ń fi ẹ̀yà ara ṣe ohun tí kò ṣeé sọ. Bí a bá gbé ìwé tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ fún ìyá àgbà pé kí ó tẹ̀ka, tí a sì gbé egungun rẹ̀ lọ sí ilé tí kò mọ ohun tí a ń ṣe níbẹ̀, ìròyìn yóò kárí Ìbàràpá kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé ìdánwò náà ti parí nìyẹn. Ìwé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ Yorùbá tí ó mọ́ gaara. Kí ó sọ ohun tí a ó mú, ohun tí a ó fi ṣe, ọjọ́ tí a ó sin èyí tí ó bá kù àti ibi tí a ó sin ín sí, àti pé bí ó bá kọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ kò ní yí padà. Kí ilẹ̀kùn ilé náà sì ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ kan nínú oṣù, kí baálé tí ó bá fẹ́ wá wò wá wò.

Mo ti lo irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ní òkè òkun, mo sì mọ̀ pé kò sí èyí tí ó ju agbára àwọn ọ̀dọ́ wa lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún àgùntàn, ọ̀bẹ mímú àti gàrí inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá ohun tí ẹ ó kọ ìwé àṣekágbá lé lórí, ọ̀rọ̀ ìrora wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kó jọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì, nígbà tí owó ẹ̀rọ bá dé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan tì í mọ́ inú yàrá rẹ̀. Obìnrin tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ agbada kò béèrè ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Ohun tí ó ń béèrè ni bóyá òun yóò tún lè kúnlẹ̀.